Orogún Lórí Àtẹ, Oníbàárà ní Fákítọ̀rì

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ kú ìjókòó. Ohun tó wà nínú fóònù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá tú iPhone X, èyí tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Samsung ló ṣe ojú fóònù tó máa bá níbẹ̀. Sony ló ṣe sensor, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. TSMC ilẹ̀ Taiwan ló ṣe chip tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Samsung ń ta Galaxy, Sony ń ta Xperia, àwọn méjèèjì sì ń bá Apple du àwọn oníbàárà kan náà. Gbogbo ìgbà tí iPhone kan bá tà, owó ń wọ àpò àwọn tó fẹ́ kó má tà.

Àwọn kan máa ń gbọ́ èyí kí wọ́n sọ pé ìjà ojú ayé lásán ni wọ́n ń jà. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjà náà jẹ́ òótọ́, ẹjọ́ tí wọ́n pe ara wọn sì jẹ́ òótọ́. Ìṣirò fákítọ̀rì ló dè wọ́n mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ tú okùn náà lè tú u, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ló máa ń gbà á. Ohun tó ń mú kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ la wá ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2005. Ọdún yẹn ni Apple gbé iPod nano jáde. Díìsìkì kékeré tó ń yí ni iPod mini tó wà ṣáájú rẹ̀ ń lò, ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì flash, èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni nano ń lò, flash sì wọ́n lọ́jà nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá, Apple bá ilé-iṣẹ́ márùn-ún ṣe àdéhùn flash tí yóò gbé e dé ọdún 2010: Hynix, Intel, Micron, Samsung àti Toshiba. Bílíọ̀nù 1.25 dọ́là ni Apple san sílẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ fi àdéhùn yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni àpẹẹrẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Ẹni tó sanwó sílẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn nígbà ọ̀wọ́n, ẹni tó gba owó náà sì ti rí owó fi ra ẹ̀rọ.

Nígbà tí iPhone àkọ́kọ́ dé ní oṣù kẹfà ọdún 2007, Samsung ló ṣe chip rẹ̀, òun náà ló ta mẹ́mọ́rì rẹ̀. Galaxy S kò tíì sí nígbà yẹn. Ọdún 2010 ló dé. Ọdún 2010 kan náà ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ara rẹ̀ sí chip, ó pè é ní A4, ṣùgbọ́n ilé Samsung náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, Apple gbé Samsung lọ sílé ẹjọ́ ní California, ó ní wọ́n wo iPhone kọ Galaxy. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn aráàlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́ náà ní kí Samsung san owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, tí iPhone 5 dé orí àtẹ. A6 ni chip inú rẹ̀, Samsung ló sì ṣe é. Yorùbá ní bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹjọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó dé kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn.

Kí ló dé tí Apple kò fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tó pe ẹjọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń gba sùúrù.

Apple ló ń ya àwòrán chip rẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè ká sábẹ́ apá kó gbé lọ síbi tó wù ú. Fákítọ̀rì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé òfin tirẹ̀: bí wáyà inú chip ṣe gbọ́dọ̀ tín-ín-rín tó, bí ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì tó, irú transistor, ìyẹn swíìṣì wínníwínní inú chip, tí wọ́n lè ṣe àti iná tí yóò jẹ. Inú òfin yẹn ni ayàwòrán ti ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ sí fákítọ̀rì mìíràn, èrò inú chip lè wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n gbogbo bí wọ́n ṣe tò ó sórí sílíkónì gbọ́dọ̀ di ọ̀tun. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pààṣẹ mask, ìyẹn àwọn gíláàsì tí wọ́n ya àwòrán wáyà sí. Chip kan ṣoṣo ń lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Wọn yóò ṣe àwo sílíkónì díẹ̀ fún ìdánwò. Àwo kan sì máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta nínú fákítọ̀rì kó tó jáde, torí ọgọ́rọ̀ọ̀rún iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe kan nígbà tó jáde, mask tuntun ni, oṣù mẹ́ta mìíràn sì tún lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé A7 ti ọdún 2013 ṣì jẹ́ iṣẹ́ Samsung, ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. A8 ti ọdún 2014 ló kọ́kọ́ lọ sí TSMC. Ní ọdún 2015, Apple pín A9 sí méjì: Samsung ṣe tirẹ̀ lórí ìlànà 14 nanomítà (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan), TSMC ṣe tirẹ̀ lórí 16. Ní fífẹ̀, ti Samsung jẹ́ 96 mm², ti TSMC jẹ́ 104.5 mm². Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú fóònù, ṣùgbọ́n àwòrán méjì ni, owó mask méjì ni, ìdánwò méjì ni. Àwọn tó ra fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ti Samsung ni tiwọn, torí wọ́n gbọ́ pé ó ń jẹ bátìrì jù. Apple dáhùn pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju ìdá 2 sí 3 nínú 100 lọ. Ọdún 2016 tí A10 dé ni TSMC tó dá nìkan mú iṣẹ́ náà. Ọdún márùn-ún gbáko nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti pe ẹjọ́.

Kí ló dé tí Apple fi fara da iṣẹ́ ìlọ́po méjì yẹn? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwo sílíkónì tí wọ́n ń lò fẹ̀ tó 300 mílímítà láti etí kan dé èkejì, ìyẹn nǹkan bí 70,700 mm². Bí chip bá jẹ́ 96 mm², 736 ló yẹ kó wọ̀ ọ́ lórí ìwé, ṣùgbọ́n àwo náà rí roboto, chip sì ní igun mẹ́rin, nítorí náà ti etí máa ń ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 650. Gbogbo wọn kọ́ ló máa yè. Eruku kan ṣoṣo tí ojú ò lè rí ti tó láti ba chip kan jẹ́. Bí ìdá 60 nínú 100 bá yè, 390 ni ẹ ní lórí àwo kan. Bí ìdá 90 bá yè, 585. Apple ta iPhone mílíọ̀nù 74.8 ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2015. Ká ní gbogbo wọn lo irú chip bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 128,000 àwo ni wọn yóò nílò bí iṣẹ́ bá dára, 192,000 bí kò bá dára. Àwo 64,000 ló wà láàárín fákítọ̀rì tó mọ iṣẹ́ náà dunjú àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè sáré lọ ra 64,000 àwo lọ́jà lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó fẹ́ irú ọjà tó pọ̀ báyẹn kò ní ẹni púpọ̀ láti yàn lára wọn.

Samsung náà ńkọ́? Kí ló ń fi ọjà lé orogún lọ́wọ́ sí? Bílíọ̀nù dọ́là lọ́nà ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ irú fákítọ̀rì bẹ́ẹ̀, owó ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ń wálẹ̀ nínú ìwé ìṣirò lọ́dọọdún, ì báà ṣiṣẹ́, ì báà má ṣiṣẹ́. Galaxy nìkan kò lè mú gbogbo ẹ̀rọ náà dí. Àwo tí orogún bá ra ń bá wọn san owó ẹ̀rọ, fákítọ̀rì sì ń kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀: bí àwo tó ti kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tó ń yè ń ròkè.

Ìnira kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Olùrà gbọ́dọ̀ sọ fún olùtà, ó kéré tán ní ọdún kan ṣáájú, iye tó fẹ́ àti bí chip rẹ̀ yóò ṣe rí. Bí olùtà bá tún ń ta fóònù, ó ti mọ èrò orogún rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń gbìyànjú láti fi ògiri sáàárín: òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀, ilé ọ̀tọ̀, orúkọ ìnagijẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2012, Samsung yọ ẹ̀ka tó ń ṣe ojú fóònù sọ́tọ̀, ó sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Samsung Display. TSMC kò nílò irú ògiri bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1987 tí Morris Chang ti dá a sílẹ̀ ní Hsinchu ló ti jẹ́ pé chip àwọn ẹlòmíràn nìkan ló ń ṣe, kò ta fóònù kankan rí. Lójú tiwa, ohun yìí ju ọ̀rọ̀ iye owó lọ nínú ohun tó mú Apple sún mọ́ ọn.

Ẹni tó bá rò pé Apple ti bọ́ lọ́wọ́ Samsung ní ọdún 2016 kò tíì gbọ́ ti ojú fóònù. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, iPhone X fẹ́ OLED, ìyẹn ojú fóònù tí èròjà inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, Samsung Display nìkan ló sì lè ṣe é ní iye tí Apple ń béèrè. Ohun tó fà á rọrùn láti ṣàlàyé. Láti ṣe OLED fóònù, wọ́n máa ń yọ́ èròjà pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nínú yàrá tí kò sí afẹ́fẹ́, kí èéfín rẹ̀ gba inú irin pẹlẹbẹ kan kọjá lọ lẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ. Irin náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìwé lọ, wọ́n lu ihò wínníwínní sí i, Invar ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ìyẹn àdàlù irin àti nickel tí ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ mú fẹ̀. Bí irin náà bá tẹ̀ díẹ̀, tàbí tó yẹ̀ ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí, àwọ̀ kan yóò bọ́ sí ààyè èkejì, ojú fóònù yẹn sì di ìdàtì. Canon Tokki, ní Niigata ilẹ̀ Japan, ló ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ yìí tó dáńgájíá jù. Díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dún nígbà náà, Samsung sì ti gba ipò iwájú lórí ìlà. Owó lè wà lọ́wọ́ LG, kó má rí ẹ̀rọ rà.

Níbi tó bá ti rí báyìí, àdéhùn máa ń ní eyín. Olùtà yóò ní: mo fẹ́ kọ́ fákítọ̀rì tuntun nítorí rẹ, ìwọ náà gbọ́dọ̀ ṣèlérí iye tó kéré jù tí wàá rà, bí o kò bá rà á tó, wàá san ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta kejì ọdún 2019 (oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà), àti ní oṣù mẹ́ta kejì ọdún 2020, Samsung kéde èrè kan tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ẹ̀ka ojú fóònù rẹ̀. Wọn kò dárúkọ oníbàárà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ ọjà náà gbà pé owó ìlérí tí Apple kò mú ṣẹ ni.

LG Display wọlé lẹ́yìn náà, BOE ilẹ̀ China sì tẹ̀ lé e. Kí olùtà kejì tó wọlé, àpẹẹrẹ ojú fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn yóò tàn án fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí láti mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá, wọn yóò fi í sínú ooru àti ọ̀rinrin, wọn yóò jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò lọ yẹ fákítọ̀rì fúnra rẹ̀ wò, kí wọ́n tó fún un ní iṣẹ́ díẹ̀. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí olùtà yí nǹkan kékeré kan padà láìsọ fún olùrà, kó lè rí púpọ̀ sí i kó yè. Bí olùrà bá rí i, wọ́n ń lé e sẹ́yìn ìlà ni. Ohun mìíràn tún wà: bí olùtà méjì bá ń ta ẹ̀yà kan náà, èyí tó dára jù máa ń jìyà. iPhone 7 ti ọdún 2016 lo modem (ẹ̀yà tó ń so fóònù mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ti Qualcomm nínú àwọn kan, ti Intel nínú àwọn mìíràn. Ti Qualcomm yára ju ti Intel lọ, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó sáré tó bó ṣe lè sáré, kí ẹni tó ra ti Intel má baà rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ọ̀rọ̀ modem yẹn náà gba ọdún. Apple pe Qualcomm lẹ́jọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n parí rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2019, Apple sì tún padà di oníbàárà Qualcomm. Ní oṣù keje ọdún náà ló ra iṣẹ́ modem fóònù Intel ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Modem tirẹ̀ àkọ́kọ́, C1, kò dé inú fóònù àfi ní oṣù kejì ọdún 2025.

Ti Sony tún yàtọ̀, torí pé òun fúnra rẹ̀ dá fákítọ̀rì sílẹ̀ pẹ̀lú orogún. Nígbà ayé amóhùnmáwòrán onígò ńlá, Trinitron Sony ni ọ̀gá, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè kọ́ fákítọ̀rì LCD, ìyẹn ojú pẹlẹbẹ tó gba ipò onígò. Ní ọdún 2004, òun àti Samsung dá S-LCD sílẹ̀ ní Tangjeong, ilẹ̀ Korea. Samsung ní ìdajì àti ìpín kan lé, Sony ní ìdajì dín ìpín kan. Àwo gíláàsì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ 1,870 sí 2,200 mílímítà. Fún ọdún díẹ̀, ó dára fún Sony. Lẹ́yìn náà ni LCD kún ọjà, owó rẹ̀ já wálẹ̀, ẹni tí kò ní fákítọ̀rì rárá sì ń rí i rà lówó pọ́ọ́kú, nígbà tí Sony di ẹrù fákítọ̀rì mú. Ní oṣù kìíní ọdún 2012 ló ta ìpín rẹ̀ fún Samsung ní tírílíọ̀nù 1.08 won, owó ilẹ̀ Korea. A rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn pé ká kọ́ fákítọ̀rì gbogbo nǹkan fúnra wa ka ìtàn S-LCD yìí dáadáa: fákítọ̀rì ń gbe ẹni tó ní i nígbà ọ̀wọ́n, ó sì ń pa á lára nígbà ọ̀pọ̀.

Sony kò fi Samsung sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Ní ọdún 2022, amóhùnmáwòrán A95K rẹ̀ ń lo ojú QD-OLED, irú OLED kan, tí Samsung Display ṣe. Ní ọdún 2023, Samsung, tó ti ń bú OLED LG fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìpolówó, bẹ̀rẹ̀ sí í ra OLED oníwọ̀n ínṣì 83 lọ́wọ́ LG Display. Sensor kámẹ́rà Sony náà sì wà nínú ọ̀pọ̀ Galaxy, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Samsung ní tirẹ̀. Àwọn Galaxy S6 kan ń lo ti Sony, àwọn mìíràn ń lo ti Samsung, orúkọ kan náà ló sì wà lára gbogbo wọn.

Ohun tí ìsopọ̀ yìí ń bí ni pé ìjàǹbá ibì kan ń dé ilé gbogbo wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Kumamoto, ilẹ̀ Japan, ní ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2016, fákítọ̀rì sensor Sony tó wà níbẹ̀ dúró, oṣù karùn-ún ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ní ọdún 2019, Toshiba Memory, tó ń jẹ́ Kioxia báyìí, àti Western Digital jọ ń lo fákítọ̀rì flash ní Yokkaichi, ilẹ̀ Japan kan náà. Wọ́n jọ ń san owó ẹ̀rọ, wọ́n jọ ń pín àwo tó bá jáde, kálukú á wá lọ ta tirẹ̀ fún oníbàárà kan náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2019, iná lọ níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 13. Àwo tó wà nínú ẹ̀rọ lákòókò yẹn bàjẹ́, torí ooru, afẹ́fẹ́ kẹ́míkà àti òfìfo inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n kan láìyẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ di títúnṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ padà. Western Digital ní nǹkan bí exabyte 6 ni òun pàdánù nínú ìpín tòun. Iye yẹn lè kún fóònù onígígábáìtì 128 tó lé ní mílíọ̀nù 46. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Japan mú òfin le lórí kẹ́míkà mẹ́ta tí Korea ń rà lọ́wọ́ wọn, hydrogen fluoride wà lára wọn. Samsung àti SK Hynix ń bára wọn jà lórí mẹ́mọ́rì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń ra kẹ́míkà, ọ̀nà ilé àwọn tó ń ṣe é ní Japan sì ni wọ́n jọ forí lé.

Bí ẹ bá sì tẹ̀ lé okùn náà dé òpin, ẹ óò bá ASML ilẹ̀ Netherlands. Òun nìkan ló ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ 13.5 nanomítà ya àwòrán chip. Ní ọdún 2012, nígbà tí ẹ̀rọ náà kò tíì parí, Intel ra ìdá 15 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà, TSMC ra ìdá 5, Samsung ra ìdá 3. Àwọn mẹ́ta tó ń du ipò ọ̀gá chip ayé jọ dáwó sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, torí kò sí èyí tó lè dá ru ẹrù rẹ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fóònù ní Computer Village, Ikeja, nǹkan yìí wà níwájú yín. Infinix Note 30, Tecno Camon 20 Pro àti Samsung Galaxy A15, ti 4G wọn, chip Helio G99 ni gbogbo wọn ń lò. MediaTek ilẹ̀ Taiwan ló ya á, TSMC ló ń ṣe é lórí ìlànà 6 nanomítà. Samsung ní chip tirẹ̀, Exynos, síbẹ̀ MediaTek ló ń rà fún ọ̀pọ̀ fóònù owó pọ́ọ́kú, torí owó rẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tajà bá sọ fún yín pé ọpọlọ ti Samsung yìí dára ju ti Infinix yẹn lọ, ẹ kọ́kọ́ fi CPU-Z, ìyẹn áàpù tó ń fi ohun inú fóònù hàn, wo orúkọ chip. Bó bá jẹ́ G99 ni méjèèjì, ibòmíràn ni kí ẹ ti wá ìyàtọ̀: iye RAM, irú mẹ́mọ́rì flash, ojú fóònù, kámẹ́rà, àti iye ọdún tí wọ́n ṣèlérí láti máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i.